Òkè tí a ń lọ ṣe fàájì, òkè tí àwọn bàbá wa sá sí

Bí ọjọ́ ìsinmi bá dé, ẹni tó bá dúró ní Òkè-Fìà nílùú Òṣogbo láàárọ̀ kùtù yóò rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n háyà bọ́ọ̀sì, tí wọ́n di oúnjẹ àti ohun mímu sẹ́yìn ọkọ̀, tí wọ́n sì kọjú sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni púpọ̀ nínú wọn ń lọ, níbi tí omi Olúmirìn ti ń já bọ́ láti orí àpáta ní ìpele méje. Wọn yóò gun òkè, wọn yóò wẹ̀ nínú omi tútù, wọn yóò ya àwòrán, bí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́, wọn yóò darí sílé. Kò sí ohun tó burú nínú èyí. Ẹni tó ṣiṣẹ́ yẹ kó sinmi. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á bi ara wa léèrè: láti ìgbà wo ni òkè ti di ibi ìgbafẹ́ fún wa? Kò tíì pé àádọ́jọ ọdún tí ẹni tó bá ń gun irú òkè bẹ́ẹ̀ ń gùn ún nítorí ẹ̀mí rẹ̀.

Láyé ogun, òkè ni odi tí Elédùmarè mọ fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká odi mímọ. Ẹni tó wà lókè a máa rí ọ̀tá kí ọ̀tá tó rí i. Abẹ́ àpáta Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní ọdún 1830, tí ibẹ̀ fi di Abẹ́òkúta. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òkè tó lọ láti Ìgbájọ dé Ìmẹ̀sí-Ilé àti Òkèmẹ̀sí ṣe jẹ́ ààbò fún àwọn tó ń gbé àárín wọn.

Ta ni wọ́n ń sá fún? Kí á má tan ara wa, ọmọ ìyá wọn ni. Ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ló dá ogun Ìlọrin dúró ní Òṣogbo, ìlú wa kò sì gbọdọ̀ gbàgbé oore náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbani lọ́wọ́ ẹkùn lè wá sọ ara rẹ̀ di ẹkùn. Lẹ́yìn ìṣẹ́gun yìí, Ìbàdàn tẹ ìlú púpọ̀ lórí ba ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Ní ọdún 1870, Iléṣà pàápàá bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú kọ̀ọ̀kan láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀, àwọn ajẹ́lẹ̀ àti àwọn ìránṣẹ́ wọn sì ń ṣe ohun tó wù wọ́n sí dúkìá àti ìdílé onílé.

Ní ọdún 1878, Fábùnmi ti Òkèmẹ̀sí ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tó wà nílùú rẹ̀, ìròyìn náà sì tàn kálẹ̀ bí iná ọyẹ́. Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì para pọ̀, wọ́n sì ń jẹ́ Èkìtìparapọ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ogun ṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ní Ìkìrun. Bí wọ́n ṣe ń sá lọ, ọ̀pọ̀ wọn kó sínú odò Ọ̀tìn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ogun náà ní Jálumi. Síbẹ̀ wọn kò túká. Orí òkè ni wọ́n padà sí, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà sì di olórí ogun wọn. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó, tí àwọn mìíràn nínú wọn ti Sàró dé, dá owó jọ láti fi ra ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé. Ìró ìbọn tó ń dún láti òkè dé òkè ló bí orúkọ tí a fi ń pe ogun náà: Kírìjì. Odò kékeré kan wà lágbègbè náà tó ń jẹ́ Fẹ̀jẹ̀bójú. Orúkọ yẹn nìkan tó ìtàn.

Ọdún ń gorí ọdún, apá kan kò lè borí èkejì. Ibùdó ogun di ìlú, wọ́n ń bímọ níbẹ̀, wọ́n ń sìnkú níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Látòóṣà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò Ìbàdàn, kú sí ní ọdún 1885. Àlùfáà méjì, Samuel Johnson tó wà ní Ọ̀yọ́ àti Charles Phillips tó wà ní Òǹdó, ló wá ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà láti ibùdó dé ibùdó. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, wọ́n kéde àlàáfíà lójú ogun. Àdéhùn náà fún ìlú Èkìtìparapọ̀ ní òmìnira. Ó ní kí Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ wà lábẹ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá fẹ́ kó kúrò níbẹ̀ lọ ní àlàáfíà. Kódà, ó di ọdún 1893 kí ibùdó tó tú pátápátá.

Ohun tí mo fẹ́ kí á mú lọ sílé nìyí: fàájì tí à ń ṣe lórí òkè lónìí, èso àlàáfíà 1886 ni. Bí wọn kò bá dáwọ́ ìjà dúró, ta ni ìbá gbójú gun òkè láìmú ìbọn dání?

Àwọn kan yóò sọ pé kí á má hú òkú tó ti sùn, kí Ìbàdàn àti Ìjẹ̀ṣà má baà tún máa wo ara wọn lójú burúkú. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n egbò tí a kò fọ̀ kì í jinná. Ẹni tí kò mọ bí ọmọ ìyá ṣe jà kò ní mọ bí wọ́n ṣe parí ìjà. Ìpínlẹ̀ ti pín ilẹ̀ náà sí méjì báyìí, Ìmẹ̀sí-Ilé wà ní Ọ̀ṣun, Òkèmẹ̀sí wà ní Èkìtì. Kí ìtàn náà má pín pẹ̀lú.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ tó ń kó ọmọ lọ wo omi Olúmirìn, ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún Ìmẹ̀sí-Ilé. Ẹ jẹ́ kí àgbà ìlú fi ibi tí ogun ti jà hàn wọ́n. Ẹ̀yin ìjọba ìpínlẹ̀ méjèèjì, ẹ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ tún ojú ogun náà ṣe, kí àlejò lè rí ohun tí yóò kà níbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Òkè-Fìà, bí ẹ bá dé orí òkè, ẹ ya àwòrán yín, ẹ kó ọ̀rá àti ike yín sọ̀kalẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Níbi tí ẹ ti ń gbọ́ ohùn ẹyẹ yẹn, ìró ìbọn ni àwọn bàbá yín ń gbọ́.