Orísun àti Ìlò Ọ̀rọ̀-Ìṣe 'a merge' Nínú Èdè Románíà

Ìfáàrà
'A merge' ni ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ará Románíà fi ń sọ pé ènìyàn lọ. Inú èdè Látìn ni ó ti wá, ṣùgbọ́n 'mergere' nínú Látìn kò jẹ mọ́ ìrìn rárá. 'Rì sínú omi' tàbí 'ri nǹkan bọ omi' ni ìtumọ̀ rẹ̀. Báwo ni rírì ṣe di lílọ?

Orísun
Ní ọdún 106 ni Trajan, ọba Róòmù, ṣẹ́gun ilẹ̀ Dacia, tí ó bọ́ sí Románíà òde òní. Látìn ẹnu àwọn mẹ̀kúnnù ní agbègbè odò Danube ni ó di èdè Románíà. 'Ire' ni Látìn fi ń sọ 'lọ', ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀dà rẹ̀ kúrú púpọ̀: 'eo' (mo lọ), 'is' (o lọ), 'it' (ó lọ). Nígbà tí ìró èdè ń yí padà, wọn kò lágbára létí mọ́. Faransé mú 'aller', Ítálì mú 'andare', Románíà mú 'merge'. Síbẹ̀, 'ire' ṣì fara pamọ́ sínú 'a ieși' (jáde), tí ó wá láti inú 'exire'.

Bí Ìtumọ̀ Ṣe Yí Padà
Àlàyé tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè sábà máa ń ṣe ni pé ohun tí ó bá rì ti pòórá lójú ẹni. Àwọn akéwì Látìn pàápàá lo 'mergere' fún ìràwọ̀ tí ó wọ̀. Láti orí 'pòórá' ni ó ti di 'kúrò', kí ó tó di 'lọ'. Èdè Albania ti àlàyé yìí lẹ́yìn: 'mërgoj', tí ó wá láti orísun kan náà, túmọ̀ sí 'ṣí kúrò, lọ sí ọ̀nà jíjìn'. Ní Ítálì ẹ̀wẹ̀, 'sommergere' kò tí ì kúrò nínú omi.

Ìlò
'Merg pe jos' ni 'mo ń fi ẹsẹ̀ rìn'. 'Merg cu trenul' ni 'mo ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ'. Aago tí ó ń ṣiṣẹ́ náà 'merge'. Èyí tí ó bàjẹ́, 'nu merge'. 'Cum merge?' sì ni 'báwo ni nǹkan ṣe ń lọ?' Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Nínú lẹ́tà tí Neacșu ará Câmpulung kọ ní 1521, àkọsílẹ̀ èdè Románíà tí ó pẹ́ jù lọ tí a mọ ọjọ́ orí rẹ̀, 'a se duce', láti inú 'ducere' (ṣamọ̀nà), ni ó fi ròyìn pé ọba Tọ́kì gba ọ̀nà Danube lọ.

Ìkádìí
Orísun ọ̀rọ̀ kì í ṣe ìtumọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá fi 'mergere' nìkan túmọ̀ 'merge' yóò ri arìnrìn-àjò sómi lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ó yẹ kí ó fi ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, ọ̀nà tí ó gbà, àti ohun tí àwọn elédè ń fi í ṣe lónìí han akẹ́kọ̀ọ́.