Oyè Másítà nínú Ìṣàkóso Òṣìṣẹ́ fún Ẹni Tó Wà Lẹ́nu Iṣẹ́

Ẹ̀kọ́ yìí, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí HR, dá lórí bí a ti ń gbani síṣẹ́, bí a ti ń san owó oṣù, bí a ti ń bá òṣìṣẹ́ wí àti bí a ti ń bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dúnàádúrà. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ tó ń kọ́ ọ ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó gba fọ́ọ̀mù: akọ̀wé ìjọba, òṣìṣẹ́ báńkì, ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ náà ti kọ́kọ́ lẹ́gbẹ́. Ní ìlú York ní 1913, àwọn tó ń mójú tó ìgbáyégbádùn òṣìṣẹ́, tí obìnrin pọ̀ nínú wọn, dá ẹgbẹ́ tó di CIPD lónìí sílẹ̀. Ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 1968. Òfin 58 ti ọdún 1992 ló sọ ọ́ di CIPM. Ìwé ẹ̀rí ẹgbẹ́ yìí yàtọ̀ sí ti yunifásítì, kò sì sí èyí tó lè rọ́pò ìkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn agbanisíṣẹ́ kan ń béèrè méjèèjì.

Yunifásítì Èkó àti ti Ìbàdàn ń fúnni ní oyè yìí. NOUN, yunifásítì ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, tí ìjọba ológun tì pa lọ́dún kejì, tí ìjọba Ọbásanjọ́ sì tún gbé dìde, wà fún ẹni tí kò lè kúrò níbi iṣẹ́. Ẹni tó ní HND sábà máa ń kọ́kọ́ gba PGD kó tó kọ́ ẹ̀kọ́ másítà. Ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kíláàsì àwọn òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá ti Victoria Island lọ sí Akọka, níbi tí Yunifásítì Èkó wà, lẹ́yìn iṣẹ́ mọ̀ pé sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ wà nínú ẹ̀kọ́ náà.

Òfin iṣẹ́ ni mo kà sí ibi tó ládùn jù. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló mọ kúérì, àmọ́ ìwọ̀nba ló mọ ohun tó yẹ kó tẹ̀lé e. Àpẹẹrẹ kan nìyí: wọ́n ní kí Shitta-Bey, lọ́yà ní iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀, fẹ̀yìn tì tipátipá. Ní 1981, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé ìlànà iṣẹ́ ọba tí òfin gbé kalẹ̀ ló dáàbò bo ipò rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè dédé lé e. Ní ilé iṣẹ́ aládàáni, ohun tó wà nínú àdéhùn ló sábà máa ń borí: nóótíìsì, tàbí owó dípò rẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìbániwí rí kò ní gbọ́ ẹjọ́ yìí bí ìtàn lásán.

Ìṣirò náà ń bẹ níbẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ dá 10, ó kéré tán.

Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ló sábà máa ń fa wàhálà. Ibi iṣẹ́ ẹni ló sún mọ́ni jù láti ṣèwádìí, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kì í fẹ́ sọ òótọ́ fún ẹni tó ń tọ́jú fáìlì rẹ̀. Nítorí náà, àwọn olùkọ́ a máa gba akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú pé kó má ṣe gba orúkọ lórí fọ́ọ̀mù ìbéèrè rẹ̀, kó sì fi orúkọ ilé iṣẹ́ náà pamọ́.