Odò Atúwàrà

Odò Atúwàrà jẹ́ odò kékeré ní agbègbè Ọ̀tà, ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, Ìpínlẹ̀ Ògùn. Òjò àti ìsun abẹ́ ilẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Gúúsù, níhà ọ̀sà, ló ń ṣàn sí.

Iyanrìn àti amọ̀ pupa ló pọ̀ nílẹ̀ Ọ̀tà, kò rí bí Abẹ́òkúta tó jókòó sórí àpáta. Omi tètè ń gbẹ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Níbi tí odò bá ti tẹ̀, apá ìta ni omi ti ń sáré jù, á máa jẹ bèbè ibẹ̀ lọ; lápá inú, níbi tó ti ń rọra lọ, iyanrìn á máa gbá jọ. Bí ipa odò ṣe ń ṣí kúrò lójú kan nìyẹn, díẹ̀díẹ̀.

Ní Sàngó-Ọ̀tà, ọwọ́ ènìyàn yá ju ti omi lọ nínú yíyí odò padà. Kọnkéré àti páànù ilé kì í mu òjò, torí náà gbogbo àgbàrá ń ya wọnú odò lẹ́ẹ̀kan náà, á sì wó bèbè.

Omi ìdọ̀tí láti àwọn ilé iṣẹ́ tún ń dà sínú Atúwàrà. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Covenant, tó wà ní Ọ̀tà, ti ṣe ìwádìí lórí ìdọ̀tí yìí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá fà, ìdọ̀tí ọ̀hún á túbọ̀ ki.