Ìwé Ìrìnnà Ọba àti Ilẹ̀kùn Tí A Tì ní 1968

Àwọn baba wa ní a kì í fi ènìyàn jẹ oyè àwòdì kí ó má lè gbé adìẹ. Ní ọdún 1968, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ohun tí ó lòdì sí òwe yìí: ó fi oyè ọmọ-ìlú sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì gba agbára inú oyè náà lọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí á gbé ọ̀ràn náà yẹ̀ wò.

Ní 1896 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà rélùwéè láti Mombasa, ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, lọ sí adágún Victoria. Nǹkan bí 32,000 òṣìṣẹ́ ni wọ́n kó wá láti Íńdíà. Ọ̀pọ̀ padà sílé nígbà tí iṣẹ́ parí. Àwọn díẹ̀ dúró, àwọn oníṣòwò àti akọ̀wé sì tún ti Íńdíà wá bá wọn. Wọ́n ṣí ìsọ̀, wọ́n kọ́lé, wọ́n sì bímọ síbẹ̀. Lábẹ́ òfin 1948, oyè ọmọ-ìlú kan náà ni ẹni tí a bí ní Nairobi àti ẹni tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù ń jẹ́.

Kẹ́ńyà gba òmìnira ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1963, ó sì fún wọn ní ọdún méjì láti wá di ọmọ ilẹ̀ náà. Àwọn kan ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ di ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì wọn mú. Òfin 1962, tí ó dín wíwọ Ìlú Ọba kù, kò kàn wọ́n, nítorí pé ìjọba Lọ́ńdọ̀nù fúnra rẹ̀ ni ó fún wọn ní ìwé náà.

Ní 1967, Kẹ́ńyà ṣòfin pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gbàṣẹ kí ó tó ṣiṣẹ́ tàbí kí ó tó tajà. Nígbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Enoch Powell àti Duncan Sandys figbe ta. James Callaghan, Mínísítà fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé, gbé òfin tuntun wá. Ilé Aṣòfin parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó sì di òfin ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 1968.

Láti ìgbà náà, kí oníwé tó lè wọlé láìgbàṣẹ, òun, òbí rẹ̀, tàbí òbí òbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí a bí tàbí tí a sọ di ọmọ-ìlú ní Ìlú Ọba. Òfin náà kò dárúkọ àwọ̀ ara. Kò sì nílò rẹ̀. Òyìnbó tí ó tẹ̀dó sí Kẹ́ńyà ní baba-àgbà ní Scotland. Ọmọ oníṣòwò láti Gujarat kò ní. Ìwé àṣẹ 1,500 péré ni a yà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àwọn olórí ìdílé. Àwọn kan tí kò ní in ni a dá padà ní pápá ọkọ̀ òfúrufú, tí wọ́n sì ń ti ìlú dé ìlú láìrí ẹni gbà wọ́n.

Sandys ní òun kò ṣèlérí kankan fún wọn. Iain Macleod, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, tí òun náà ti jẹ Mínísítà fún àwọn ilẹ̀ òkèèrè rí, dá a lóhùn pé a ṣe ìlérí, ó sì dìbò lòdì sí òfin náà. Ìwé ìrìnnà fúnra rẹ̀ gbè é. Nínú rẹ̀ ni ìjọba Ọbabìnrin ti ń bẹ àwọn oníbodè gbogbo ayé pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tí ó mú un kọjá láìsí ìdíwọ́. Ẹni tí ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ náà ni kò jẹ́ ẹ̀bẹ̀ ara rẹ̀.

Ní 1973, Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù rí i pé ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà ni òfin náà, ó sì rẹ iyì àwọn ènìyàn wọ̀nyí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò tẹ àbọ̀ náà jáde títí di 1994. Ní 2003 ni òfin mìíràn tó jẹ́ kí àwọn tí ó kù láìní ilẹ̀ mìíràn gba ẹ̀tọ́ ọmọ-ìlú ní kíkún. Ọdún márùndínlógójì ti kọjá; ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di arúgbó, àwọn mìíràn ti kú.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn, ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ó ń fọ́. Ọjọ́ mẹ́ta tó láti fọ́ ọ. Ọdún márùndínlógójì kò tó láti tò ó pọ̀.