Bí Wíìlì Àtijọ́ Ṣe Ń Wọ Férémù Tuntun

Àyè tó wà láàárín ẹsẹ̀ férémù méjèèjì lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ológeere ló ń pinnu wíìlì tí yóò wọ̀ ọ́. Àyè yìí ti fẹ̀ sí i léraléra, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu àwọn ìwé àtúnṣe kò kò lórí ohun tó yẹ ká ṣe sí wíìlì àtijọ́. Ìdí nìyí tí a fi tò ó síbí.

Láti àwọn ọdún 1930 tí Tullio Campagnolo ọmọ Ítálì ti gbé ọ̀pá àárín tí a lè fi ọwọ́ tú jáde ni pípààrọ̀ wíìlì ti yá. 

Lásìkò jíà 5, mílímítà 120 ni àyè ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ eré-ìje. Jíà 6 àti 7 sọ ọ́ di 126. Àwọn kan ní jíà 6 kò lè gba inú 120. Àsọdùn ni. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, SunTour ti Japan ta Ultra-6, tí eyín rẹ̀ fún mọ́ra débi pé ó wọ àyè jíà 5. Ṣéènì tóóró nìkan ló ń fẹ́. Ní nǹkan bí 1990, jíà 8 gbé àyè náà dé 130.

Wíìlì 126 fi mílímítà 4 kéré sí férémù 130, ibẹ̀ sì ni àríyànjiyàn wà. Gbogbo ènìyàn gbà pé kí ọ̀pá àárín 141 rọ́pò 137. Àwọn kan wá ní kí wáṣà mílímítà 2 wà lọ́tùn-ún, kí 2 wà lósì, torí rímù kò ní yẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí gbogbo 4 wà lósì, ká wá fa sípóòkù títí rímù yóò fi padà sáàárín. Àwọn ìkejì ló jàre. Jíà ti gba àyè lọ́tùn-ún, nítorí náà sípóòkù ibẹ̀ le bí ọṣán gángan, ti òsì sì dẹ̀. Bí rímù bá sún mílímítà 2 sósì, ìyàtọ̀ náà dín kù, wíìlì á sì lágbára. Yàtọ̀ sí èyí, nínú họ́ọ̀bù tí wọ́n ń lọ́ jíà mọ́, bẹ́ríìn ọ̀tún ti jìnnà sí ẹsẹ̀ férémù tẹ́lẹ̀. Wáṣà lọ́tùn-ún á mú un jìnnà sí i, ọ̀pá á sì tètè tẹ̀. Họ́ọ̀bù tí Shimano gbé jáde ní 1978 yanjú èyí: ó gbé bẹ́ríìn sábẹ́ jíà.

Ti kẹ̀kẹ́ orí òkè jẹ́ 135, lẹ́yìn náà 142. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yìí dẹ́rù bà yín: 135 náà ni, mílímítà 3.5 ló wọnú ihò férémù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Iléeṣẹ́ Trek àti SRAM mú 148 dé ní 2014; 157 náà tún wà. Láti fi 142 sínú 148, wáṣà mílímítà 6 lósì, kí díìsì búréèkì náà sún síta ní 6, kí rímù sì padà sáàárín.

Kí ẹ tó ra wáṣà kankan, ẹ fi kálípà wọn férémù yín fúnra yín; ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọdún tí wọ́n ní wọ́n ṣe kẹ̀kẹ́ náà.