Láti Ọ̀dọ̀ Ológò Dé Ojú Fóònù: Bí Gbígba Gbèsè Ṣe Yí Padà ní Ifẹ̀ àti Ilẹ̀ Yorùbá

Kí ìjọba òyìnbó tó fìdí múlẹ̀, gbèsè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni méjì péré ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó yá owó ní ilé tí ó ti wá, ilé náà sì mọ̀ pé bí kò bá san án, ìtìjú rẹ̀ yóò kárí àgbolé. Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí ẹjọ́ bá ti dá onígbèsè lẹ́bi, tí kò sì san owó, ẹni tó yá a lówó á tọ àwọn aláṣẹ ìlú lọ, wọ́n á sì fún un ní ológò. Ológò yìí á wọ ilé onígbèsè, á dógò tì í. Ibi tí onígbèsè bá lọ, á bá a lọ. Ibi tó bá jókòó sí, á jókòó tì í, á sì máa bú u níṣojú ayé. Bí ebi bá ń pa á, á béèrè oúnjẹ tó wù ú. Bí wọn kò bá tètè gbé e wá, ó lè mú adìẹ ilé náà pa jẹ. Síbẹ̀, òfin ká a lọ́wọ́ kò: kò gbọdọ̀ kó ẹrù kankan jáde. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ nà án, torí ẹni tó bá nà án ti na àwọn tó rán an níṣẹ́. Kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi máa ń sú àwọn ará ilé, àwọn gan-an ni wọ́n á sì sáré wá owó.

Ẹ̀gbẹ́ èyí ni ìwọ̀fà wà. Ẹni tó nílò owó lè fi ara rẹ̀, àbúrò rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko ló dúró fún èlé, kò dín gbèsè náà kù rárá. Ọjọ́ tí wọ́n bá san owó náà pé ni ìwọ̀fà tó bọ́. Kì í ṣe ẹrú, ó sì ní ẹ̀tọ́ tí gbogbo ìlú mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọdé tí wọ́n fi yá owó ìsìnkú bàbá àgbà lè dàgbà sí oko olóko.

Ní 1861, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, ilé ẹjọ́ wọn sì tẹ̀ lé e. Nílùú wọn lọ́hùn-ún, wọ́n ti máa ń sọ onígbèsè sẹ́wọ̀n fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Òfin 1869 ló fòpin sí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn òfin tó wà lójú iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 1900 ni wọ́n kó wá bí òfin fún àwọn ilé ẹjọ́ ìjọba níbí. Fún àwọn ará ìlú tó kù, Lugard, gómìnà àgbà òyìnbó, ṣe òfin kóòtù ìbílẹ̀ ní 1914. Àkódà, oníwèé ìpè àti ọlọ́pàá ìbílẹ̀ wá di ojú ìjọba tí àgbẹ̀ ń rí. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà gidigidi, ó sì yẹ ká dúró lé e lórí: ọba àti ìjòyè tó ń gbọ́ ẹjọ́ nígbà àtijọ́ ń dáhùn fún ìlú, nísinsìnyí, wọ́n ń gba owó oṣù, ọ̀gá tí wọ́n ń dáhùn fún sì ni ajẹ́lẹ̀ òyìnbó.

Owó orí ló kọ́kọ́ tú àṣírí ìyípadà náà. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ogun Adúbí bẹ́ sílẹ̀ ní 1918, wọ́n hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, wọ́n sì pa Òṣilẹ̀, ọba Òkè-Ọnà. Ìjọba fi ọmọ ogun pa iná náà, owó orí sì dúró. Ẹni tí kò bá san án ń fojú ba kóòtù, ẹ̀wọ̀n sì ń dúró dè é. Bí gbèsè tí a jẹ ìjọba ṣe di ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn.

Kòkó mú owó wọ Ifẹ̀, ó sì mú gbèsè tuntun wá. Àgbẹ̀ ń yá owó kí èso tó pọ́n, ó ń fi igi kòkó dúró. Nígbà tí iye tí wọ́n ń ra kòkó já wálẹ̀ lẹ́yìn 1929, èlé kò já wálẹ̀ ní tirẹ̀. Àwọn olówó èlé tí wọ́n ń pè ní sógúndogójì gbilẹ̀, ìjọba sì ṣe òfin láti dè wọ́n lọ́wọ́ ní òpin àwọn ọdún 1930. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà, òṣómàáló, ń kiri aṣọ àwìn láti abúlé dé abúlé. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà títí owó yóò fi jáde. Fífi ọmọ ṣe ìwọ̀fà, tí ìjọba ti ń tako, ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ láàárín àkókò yìí.

Òmìnira 1960 kò pa owó orí rẹ́. Lẹ́yìn tí ológun gbàjọba ní 1966, wọ́n da ọlọ́pàá ìbílẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ìjọba àpapọ̀, ọlọ́pàá tí ìlú mọ bàbá rẹ̀ sì di ẹni tí wọ́n rán wá láti ọ̀nà jíjìn. Ní ìparí 1968, àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn tí agbowó orí ń lé kiri inú oko kọ̀ jálẹ̀. Àgbẹ̀kọ̀yà ni wọ́n ń jẹ́, Táfà Adéoyè ti Akanran sì wà lára àwọn aṣáájú wọn. Òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, ni wọ́n ní àwọn yóò san. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò. Ní 1969, wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì já ẹ̀wọ̀n Agodi. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ bá wọn ní Akanran, ìjọba gómìnà ológun Adéyinká Adébáyọ̀ sì dín owó orí kù sí pọ́n-ùn méjì.

Ní Ifẹ̀, ìṣákọ́lẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ Modákẹ́kẹ́ ń san fún onílẹ̀ ti di ẹjọ́ láti àwọn ọdún 1940. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi gbogbo ilẹ̀ sí abẹ́ gómìnà, ẹni tó ń san sì béèrè ìdí tí òun yóò fi máa san. Ìjà bẹ́ láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ní 1981. Ó tún bẹ́ ní 1997, lórí ibi tí olú ilé ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ yóò wà, èyí tó wà ní Òkè-Ogbo lónìí.

Láàárín àkókò náà, àṣà mìíràn ti fìdí múlẹ̀ láìsí òfin lẹ́yìn rẹ̀: ẹni tí wọ́n jẹ lówó kì í lọ kóòtù mọ́, àgọ́ ọlọ́pàá ló ń lọ. Kóòtù ń fa ọdún; ọlọ́pàá lè ti onígbèsè mọ́lé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bí wọn kò bá sì rí i, wọ́n lè mú ìyàwó tàbí àbúrò rẹ̀. Àwọn adájọ́ tẹnu mọ́ ọn léraléra pé ọlọ́pàá kì í ṣe agbowó gbèsè. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015 sọ ọ́ ní kedere pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí àdéhùn tó yẹ̀ nìkan, a kò sì gbọdọ̀ mú ẹlòmíràn dípò ẹni tí ẹ̀sùn kàn. Òfin ọlọ́pàá tuntun tún un sọ ní oṣù kẹsàn-án 2020. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni àwọn ọ̀dọ́ tú sí ìgboro lórí ìwà SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti olè, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992. Wọ́n tú ẹ̀ka náà ká ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹwàá.

Gbèsè fúnra rẹ̀ ti ṣí lọ síbòmíràn nígbà náà. Àwọn obìnrin ọjà ti mọ gbómúlélántà, owó ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ tó jẹ́ pé bí ẹnì kan kò bá san, àwọn tó kù ni yóò dí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni owó yíyá orí fóònù dé. Kí ẹni tó yá a tó mọ̀, ilé iṣẹ́ náà ti ka gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù rẹ̀. Ọjọ́ tí owó bá yẹ̀, ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá ibiṣẹ́ àti pásítọ̀ rẹ̀ á gba àtẹ̀jíṣẹ́ pé olè ni. Ní oṣù kẹjọ 2021, NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé ilé iṣẹ́ ayánilówó Sokoloan nítorí irú èyí. Ní 2022, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan ní Èkó, ó sì ní kí gbogbo wọn wá forúkọ sílẹ̀. Òfin tuntun tí àjọ náà gbé jáde ní 2025 sọ pé ayánilówó kò gbọdọ̀ wọ inú nọ́ńbà ẹni tó yá owó, kò sì gbọdọ̀ dójú tì í. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù náírà.