Ìtẹ̀bọmi àti Ìyapa ti Ìjẹ̀bú-Òde

Orúkọ tí àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ Yorùbá ń pe ohun kan náà kò jọra, àríyànjiyàn ńlá sì wà nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì, èyí tí odidi rẹ̀ jáde ní ọdún 1884, fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní “baptisi.” Àwọn Áńgílíkà a máa wí pé ìsàmì, nítorí àmì àgbélébùú tí àlùfáà ń ṣe sí iwájú orí ọmọ ọwọ́. Àwọn ìjọ tí iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí T. J. Bowen gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1850 ń jẹ́ Onítẹ̀bọmi, nítorí gbogbo ara ni wọ́n ń tẹ̀ bọ omi, kìkì ẹni tí ó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ ni wọ́n ń ṣe é fún.

Ó pẹ́ tí olúkúlùkù ti ń bá tirẹ̀ lọ. Ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ìjà náà ti wọ inú ìjọ kan ṣoṣo. Ní ọdún 1918, nígbà tí àrùn ìfúlúẹ́ńsà ń pa ènìyàn, àwọn díẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà ti St. Saviour dá ẹgbẹ́ àdúrà sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. J. B. Shadare, alágbẹ̀dẹ wúrà, ni olórí wọn. Sophia Ọdúnlàmí, olùkọ́ ilé-ìwé, sì wà lára wọn. Láìpẹ́ ìwé ìròyìn ìjọ Faith Tabernacle láti Philadelphia ní Amẹ́ríkà dé ọwọ́ wọn. Ohun méjì ni wọ́n rí níbẹ̀ tí ó bá ọkàn wọn mu: ìwòsàn nípa àdúrà láìlo oògùn, àti ìtẹ̀bọmi fún ẹni tí ó ti gbàgbọ́. Láti ìgbà náà wọn kò gbé ọmọ ọwọ́ wá fún ìsàmì mọ́.

Ọ̀ràn kékeré kọ́ ni èyí lójú àwọn alàgbà ìjọ. Níbi ìsàmì ni ọmọ ti ń gba orúkọ onígbàgbọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni a sì ti ń kà á mọ́ ìjọ bàbá rẹ̀. Ní ọdún 1922, Bíṣọ́ọ̀bù F. Melville Jones bá wọn sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọn kò yí ọkàn padà. Shadare fi ipò rẹ̀ nínú Sínódù sílẹ̀, Ọdúnlàmí fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì jáde kúrò nínú ìjọ.

Kò yẹ kí a rò pé bí omi ti pọ̀ tó nìkan ni wọ́n ń jà lé lórí. Ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé, ta ni ó lè dáhùn fún ọmọ níwájú Ọlọ́run? Yorùbá mọ ọmọ sí ti ìdílé láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Àwọn ará Ìjẹ̀bú wọ̀nyí kò kọ èyí. A ń sọ ọmọ lórúkọ, a sì ń gbàdúrà fún un. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni pé kí ẹlòmíràn jẹ́ ẹ̀jẹ́ ìgbàgbọ́ ní ipò rẹ̀.

Irúgbìn náà kò kú. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tí a tọ́ dàgbà nínú ìjọ Áńgílíkà, gba ìtẹ̀bọmi nínú ọ̀sà Èkó ní ọdún 1929. Ní oṣù Keje ọdún 1930 ni ìsọjí rẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Òoye, Iléṣà. Nínú ìran yìí ni a ti rí Ìjọ Aposteli ti Kristi, tí ó gba orúkọ náà lábẹ́ òfin ní ọdún 1943. Títí di òní, ẹni tí ó bá dàgbà tó láti dáhùn fún ara rẹ̀ ni a ń mú lọ sí ibi omi níbẹ̀.